Ṣé Lóòótọ́ Ni Iginla Kò Rí Sẹ́ńtà Gidi?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í gbó lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ họ́kì orí yìnyín ní ìlú Calgary, ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Wọ́n á ní ká ní ikọ̀ Flames ti ìlú náà wá sẹ́ńtà gidi kan, ìyẹn eléré àárín iwájú, fún Jarome Iginla, wíńgà ọ̀tún wọn, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le ni, iye góòlù tí ì bá fi fẹ̀yìn tì ì bá fi 625 tó ní sílẹ̀ jìnnà. Mo ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń gẹ irun mi, èmi alára sì ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà, nítorí pé ó dùn ún sọ, kò sì sẹ́ni tí í béèrè ẹ̀rí rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo tó jókòó tú àkọsílẹ̀ àwọn sáà rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń bi ara mi pé ta ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ wo ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, ibo ni wọ́n sì ń mú un dúró sí nígbà tí alátakò bá dín ẹnì kan. Ohun tí mo bá pàdé kò bá ọ̀rọ̀ ẹnu wa mu tó bí mo ṣe rò.

Kí n tó lọ jìnnà, n ó jẹ́wọ́ pé ojúsàájú wà lára mi. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fà mí sínú eré yìí. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, tó sì rí IGINLA lẹ́yìn aṣọ eléré kan, tí nọ́ńbà 12 wà lábẹ́ rẹ̀, kò nílò ògbufọ̀ kankan kí ó tó mọ̀ pé igi ńlá ni. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ìlú Edmonton ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1977, Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ rẹ̀. Àwọn tó máa ń ròyìn eré lórí tẹlifíṣọ̀n ní Kánádà ń pe orúkọ náà bí ẹni pé kò sí igi kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti dárí jì wọ́n.

Fún ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí kò sì mọ họ́kì, eléré márùn-ún àti aṣọ́lé kan ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ní lórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì nínú àwọn márùn-ún jẹ́ adáàbòbò ilé, mẹ́ta tó kù jẹ́ eléré iwájú: sẹ́ńtà ní àárín, wíńgà kan lọ́tùn-ún àti ọ̀kan lósì. Àwọn mẹ́ta yìí jọ máa ń wọlé, wọ́n jọ máa ń jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́ta mìíràn á sì gbapò wọn. Ìdí nìyí tí ènìyàn kò fi lè wọn wíńgà bí ẹni wọn ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ tó dá wọ ibi ìjà. Góòlù kọ̀ọ̀kan ń fún ẹni tó gbá a wọlé ní póìǹtì kan, ó sì lè fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tó fi ọ̀pá kan puck gbẹ̀yìn ṣáájú rẹ̀, ìyẹn róbà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, ní ìrànwọ́ kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ póìǹtì bákan náà. Póìǹtì ẹnì kan, nígbà náà, jẹ́ ohun tí òun àti àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jọ gbìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ikọ̀ Edmonton Oilers ni, tí ará Calgary kì í sì í dárúkọ wọn láìfajú ro. Nígbà tí Zach Hyman wà ní Toronto, góòlù tó pọ̀ jù lọ tó gbá wọlé ní sáà kan ni 21. Ó lọ sí Edmonton ní ọdún 2021, wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ Connor McDavid, nígbà tó sì di sáà 2023-24, lẹ́ni ọdún 31, ó gbá 54 wọlé. Ní sáà yẹn kan náà, ìrànwọ́ góòlù 100 ni McDavid ní. Ẹni tó bá wo 54 nìkan á ka Hyman mọ́ àwọn ajẹgóòlù tó dára jù láyé, ẹni tó bá sì wo McDavid nìkan á ní igi gbígbẹ pàápàá lè gbá góòlù wọlé níbẹ̀. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ṣì í. Iṣẹ́ Hyman ni kí ó dúró níwájú ilé alátakò, kí wọ́n máa fi ọ̀pá gún un lẹ́yìn, kí ó máa dí aṣọ́lé lójú, kí ó sì ti puck tó bá ta padà sínú àwọ̀n. Iṣẹ́ náà kò ní ẹwà, àwọn tó sì lè ṣe é ní eré 80 láàárín sáà kan kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà yóò ṣe mú góòlù wá tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá puck sí ibẹ̀. Ipa rẹ̀ kò yí padà láti Toronto dé Edmonton; ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ Iginla kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, Flames fi Cory Stillman ránṣẹ́ sí ikọ̀ St. Louis Blues, wọ́n sì gba Craig Conroy padà, kò sì sẹ́ni tó lu ìlù nítorí rẹ̀. Sẹ́ńtà adènà ni wọ́n mọ Conroy sí: iṣẹ́ tó ń jẹun lórí rẹ̀ ni pé kí ó lẹ̀ mọ́ sẹ́ńtà tó dára jù nínú àwọn alátakò, kí ó má jẹ́ kí onítọ̀hún rí ìsinmi. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi Conroy sí àárín, Iginla sí ọ̀tún, Dean McAmmond sí òsì. Iginla gbá góòlù 52 wọlé, ó kó póìǹtì 96 jọ, ó gba ife Art Ross tí wọ́n ń fún ẹni tó ní póìǹtì jù ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà, àti ife Rocket Richard tí wọ́n ń fún ẹni tó ní góòlù jù, kò sì sí ènìyàn dúdú kankan tó gba ìkankan nínú méjèèjì rí kí ó tó dé. Conroy fúnra rẹ̀ gbá 27 wọlé, ó ní póìǹtì 75, iye tí kò sún mọ́ rí ní St. Louis. Ó ṣì ń dùn mí pé José Théodore, aṣọ́lé Montreal, ló gba ife Hart ti eléré tó wúlò jù fún ikọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọdún náà, nígbà tí póìǹtì ìbò àwọn méjèèjì dọ́gba. Mo kúkú ti sọ pé ojúsàájú wà lára mi.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹlẹgbẹ́ ló ń gbé wíńgà ga, a kò ní retí pé kí sẹ́ńtà tí kò sọ ẹnikẹ́ni di ajẹgóòlù rí wá ṣe irú èyí. Ohun tí mo gbà pé ó ṣẹlẹ̀ kò ní idán nínú. Nínú họ́kì, sẹ́ńtà ló ń dá puck dù nígbà tí adájọ́ bá jù ú sílẹ̀ láti tún eré bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ sá padà dé iwájú ilé láti ran àwọn adáàbòbò lọ́wọ́. Conroy ń ṣe méjèèjì láìkùn. Bí ó ti ń sá padà ni Iginla ń rí àyè dúró díẹ̀ lókè, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pátákó tó yí yìnyín ká, níbi tí puck yóò gbà jáde. Bí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti yí ara padà, ó ti ń sáré, adáàbòbò tó wà níwájú rẹ̀ sì ní láti yàn bóyá kí òun gba èjìká tàbí kí òun gba góòlù. Kò nílò ẹni tí yóò bá a pín ọgbọ́n ìkọlù. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ ilé ló nílò, kí òun lè ráyè lọ sóko.

Àwọn tó ń ṣàròyé pé Flames kò wá sẹ́ńtà fún un máa ń gbàgbé pé irú èyí tí wọ́n ń wá wà nínú ilé ní àkókò yẹn. Marc Savard, ẹni tí ojú rẹ̀ ń rí ibi tí puck yẹ kó lọ kí ẹlòmíràn tó rò ó, wà nínú ikọ̀ yìí kan náà títí di oṣù kọkànlá ọdún 2002, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ sí Atlanta. Ní sáà 2005-06 ó kó póìǹtì 97 jọ níbẹ̀. Àìmọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni ẹ̀bi tí mo rí fún Flames níhìn-ín. Síbẹ̀ nígbà tí Savard wà nílé náà, ẹ̀gbẹ́ Conroy ni 52 náà ti wá.

Nínú góòlù 52 yẹn, 16 ló wá ní àkókò power play, ìyẹn ìgbà tí adájọ́ bá lé alátakò kan jáde fún ìṣẹ́jú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí márùn-ún sì ń kojú mẹ́rin. Nọ́ńbà yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń wá nígbà tí wọ́n bá ń yin wíńgà kan fún mi. Power play dà bí ọjà tí owó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹrù: àyè pọ̀, àkókò pọ̀, puck ń lọ ó ń bọ̀ láìsí ẹni tó ń dà á rú. Ní sáà 2022-23, Oilers sọ ìdá 32.4 nínú ọgọ́rùn-ún àǹfààní wọn di góòlù, kò sì sí ikọ̀ kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn NHL. Ẹni tó bá ń jókòó nídìí irú ọjà bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a fi iye góòlù rẹ̀ wé ti ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ kì í rí ìdá 15. Góòlù 36 tí Iginla gbá wọlé láìsí power play ní ọdún yẹn, nínú ikọ̀ tí kò tilẹ̀ dé ìdíje ife Stanley tí wọ́n fi ń mọ ikọ̀ tó borí líìgì, ló jẹ́ kí n gbà pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ti wá.

Ibi tí ẹni dúró sí nínú power play náà ṣe kókó, ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì sì wọ̀ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni Iginla fi ń gbá. Ní eré márùn-ún kojú márùn-ún, apá ọ̀tún yìnyín bá a lára mu, nítorí pé iwájú abẹ ọ̀pá rẹ̀ ló fi ń gba puck tó bá ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Ṣùgbọ́n nínú power play, apá òsì ló dára fún un: bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi puck ránṣẹ́ láti ọ̀tún tàbí láti ẹ̀yìn, ó ń bá ọ̀pá rẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀, ojú ọ̀pá ti ṣí sí àwọ̀n, ó sì lè gbá a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láì kọ́kọ́ dá a dúró kí aṣọ́lé tó rá dé ìhà kejì. Ní Boston, níbi tó ti gbá ní sáà 2013-14, èyí ni wọ́n fi í ṣe. Torey Krug wà lókè tó ń pín puck, wọ́n gbé Zdeno Chara, òmìrán adáàbòbò wọn, síwájú aṣọ́lé bí ẹni fi àpótí dí fèrèsé, Iginla sì wà ní òsì tó ń dúró de tirẹ̀. Ẹni ọdún 36 ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fà, síbẹ̀ ó gbá góòlù 30 wọlé ní sáà náà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbọ́n lè fi ibi ìdúró nìkan fa ọjọ́ ayé eléré gùn.

Àwọn sáà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí padà ní Calgary ló kọ́ mi jù. Conroy lọ sí Los Angeles ní 2004, líìgì sì ti pa fún odindi sáà kan nítorí ìjà owó. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 2005-06, góòlù 35 àti póìǹtì 67 ni Iginla ní. Wọ́n wá ra Alex Tanguay wá láti Colorado ní 2006, wọ́n fi í sí òsì, Daymond Langkow sì wà láàárín. Ní eré 70 péré tí Iginla gbá ní sáà yẹn, ó ní póìǹtì 94, 55 nínú rẹ̀ jẹ́ ìrànwọ́. Ní 2007-08, tí Kristian Huselius ń gbá ní òsì, ó gbá 50 wọlé, póìǹtì rẹ̀ sì jẹ́ 98, èyí tó ga jù ní gbogbo ayé eré rẹ̀. Níhìn-ín ni mo ti gbà pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú àròyé àwọn ènìyàn: ẹlẹgbẹ́ tó mọ puck í pín sọ ọ́ di eléré tí ń fúnni bí ó ṣe ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé wíńgà òsì ló mú ìyàtọ̀ náà wá. Langkow tó wà láàárín, ẹ̀yà Conroy ni: òṣìṣẹ́ tó ń sá lọ sá bọ̀, tí kò sì sí ọmọdé tó ń fi àwòrán rẹ̀ lẹ ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì tí Iginla dé góòlù 50, irú sẹ́ńtà yìí ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ wà tí nọ́ńbà kì í gbé, ó sì yẹ kí ẹni tó ń wọn wíńgà ní ojú fún un. Ní oṣù kẹfà ọdún 2004, nínú eré karùn-ún ìparí ife Stanley tí wọ́n gbá ní Tampa, eré ti wọ àfikún àkókò. Akoto já kúrò lórí Iginla, kò jáde. Ó ń bá wọn du puck lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó láìsí okun lára rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kí ó ti lọ sinmi. Níkẹyìn ó gbá a, Nikolai Khabibulin, aṣọ́lé Tampa, dá a padà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Oleg Saprykin sì tì í wọlé. Nínú ìwé, ìrànwọ́ kan ṣoṣo ni Iginla rí gbà. Flames pàdánù eré méjì tó kù, Tampa Bay Lightning gba ife, n kò sì fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Irú èyí náà ló ṣẹlẹ̀ ní Vancouver ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2010, nígbà tí Kánádà àti Amẹ́ríkà ń du wúrà Òlíḿpíìkì. Alátakò ti gbé e mọ́ pátákó, ó ti ń ṣubú lọ, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Sidney Crosby sì ń ké pè é. Ó ti puck jáde kó tó balẹ̀, Crosby gbá a wọlé, wúrà sì di ti Kánádà. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìyẹn, ní Salt Lake City, wọ́n fi Iginla fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Joe Sakic, sẹ́ńtà olókìkí, àti Simon Gagné nínú ìparí, ó sì gbá góòlù méjì wọlé nínú márùn-ún tí wọ́n fi na Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ì bá ṣe rí ká ní sẹ́ńtà olókìkí wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ẹ̀rí kan nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n eré kan ni.

Ẹ̀rí tó gùn ju ìyẹn lọ wà, òun ló sì yí mi lọ́kàn padà. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2013, Calgary fi í ránṣẹ́ sí Pittsburgh Penguins, ikọ̀ tó ní Crosby àti Evgeni Malkin, sẹ́ńtà méjì tí ẹnikẹ́ni ì bá gbàdúrà fún. Àlá gbogbo wa ṣẹ. Wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ Malkin, ṣùgbọ́n James Neal ti wà ní ọ̀tún, wọ́n bá gbé Iginla sí òsì. Ẹni tó ti ń fi iwájú ọ̀pá gba puck láti ọdún 1996 wá ń fi ẹ̀yìn ọ̀pá gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ó ń ní láti yí ara padà kó tó rí àwọ̀n, nígbà tó bá fi yí i tán, adáàbòbò ti dé. Ó rí póìǹtì 12 nínú ìpele méjì àkọ́kọ́ ìdíje ife Stanley, power play sì ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pàdé Boston, góòlù méjì ni gbogbo Penguins rí nínú eré mẹ́rin, Iginla kò ní póìǹtì kankan, Crosby kò ní, Malkin náà kò ní. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó lọ bá Boston kan náà, wọ́n dá a padà sí ọ̀tún, David Krejci láàárín, Milan Lucic ní òsì, ibẹ̀ ni 30 tí mo mẹ́nu kàn lókè ti jáde. Krejci gbọ́n púpọ̀, n kò fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò gbé e ga ju Malkin lọ. Ipò tó tọ́ pẹ̀lú Krejci mú èso wá ju ipò tí kò tọ́ pẹ̀lú Malkin lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gbẹ́ni tó ń gẹ irun mi bá tún dá àròyé náà sílẹ̀, ohun tí n ó sọ fún un ni pé wíńgà òsì tó mọ puck í pín ni Flames jẹ Iginla ní gbèsè, kí wọ́n sì tún ti tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí òsì nínú power play. Ní ti sẹ́ńtà, wọ́n fún un ní ẹni tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Conroy náà ló wá di ọ̀gá àgbà Flames ní ọdún 2023, ó sì pe Iginla wá gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn rẹ̀, n kò sì rò pé àwọn méjèèjì máa ń jókòó ṣọ̀fọ̀ pé wọ́n fi ara wọn ṣòfò.

Tij, ọmọ Iginla, ni ikọ̀ Utah mú ní ipò kẹfà nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2024, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ikọ̀ tuntun náà yàn láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Mo ti wo eré rẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbá, ó lè dúró ní wíńgà òsì, ó sì ti gbá sẹ́ńtà dáadáa ní Kelowna kí wọ́n tó mú un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni odindi ìlú kan fi ń wá sẹ́ńtà fún bàbá, ilé rẹ̀ ló wá ti jáde.